Ẹ yé e fi irin já àpótí ọlọ́kadà, ẹ kọ́kọ́ tẹ ìdérí ẹ̀ mọ́lẹ̀ ná

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú ẹni tí kò bá tíì ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó da ìgbéyàwó rú níṣojú mi. Ọ̀rọ̀ àpótí ni. Àpótí wo? Èyí tí àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù káàkiri Èkó, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní dísípáàṣì, máa ń dè mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà wọn. Ṣé ẹ ti rí i rí tí wọ́n ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, tí wọ́n ń yí i, tí kò yí, tí ẹni tó ni ẹrù sì dúró tì wọ́n tó ń wo aago? Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá. Àbúrò mi kan ló fẹ́ẹ́ gbéyàwó, gbọ̀ngàn kan l'Ágége la sì ti fẹ́ẹ́ ṣe ìdána. Agogo mẹ́wàá ló wà nínú káàdì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé agogo mẹ́wàá tiwa, ó lè di méjìlá, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ìyàwó yìí ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Alága ìjókòó wọn, ìyá kan báyìí tí ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ lọ, ti ń kéde nínú ẹ̀rọ láti agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú pé ìdílé ọkọ ti pẹ́, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ san owó ìtanràn kí wọ́n tó wọlé. A san án. Nígbà tó tún pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ní ká tún san òmíì. Kò sí ohun tá a lè sọ, nítorí a ò lè wọlé lóòótọ́. Fìlà ọkọ ìyàwó àti tàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ 12 kò tíì dé. Ta ló máa gbé orí òfìfo lọ dọ̀bálẹ̀ fún àna?

Mushin ni ẹni tó rán fìlà náà wà, òru ọjọ́ Jímọ̀ ló sì tó parí ẹ̀. Àǹtí wa kan tó ń gbé àdúgbò ibẹ̀ ló bá wa lọ gbà á láàárọ̀ kùtù. Òun ló dì í sínú páálí méjì, òun ló pe dísípáàṣì, òun ló kó páálí méjèèjì sínú àpótí ọ̀kadà, òun náà ló sì fọwọ́ ara ẹ̀ ti ìdérí ẹ̀ pa. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àǹtí yìí sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Agogo mọ́kànlá kù díẹ̀ ni ọmọkùnrin tó gbé e wá dé. Kò lè ju ọmọ ọdún 24 lọ. Ṣe la pàtẹ́wọ́ fún un. Ó bọ́ sílẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó kì í bọ ojú ẹ̀, ó yí i. Kò yí. Ó yí i sápá òsì, ó yí i sápá ọ̀tún, ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún yí i. Àpótí ò dá a lóhùn. Òógùn ti bo ọmọ náà, alága ìjókòó ń pariwo nínú ilé pé ṣé wọ́n ti pa ìyàwó dà ni.

Ẹ mọ̀ wá, kíá ni gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ti di ẹnjiníà. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbá a. Ẹnì kan sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn alásè, ó bu òróró tí wọ́n fi ń dín ẹran wá, ó dà á sójú kọ́kọ́rọ́. Kò yí. Ìgbà náà ni bọ̀ọ̀dá wa kan tó ń gbé Ìkòròdú, tó ti mu ìgò méjì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ṣí búùtù mọ́tò ẹ̀, ó sì mú irin tí wọ́n fi ń tú táyà jáde.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, owó oṣù mi ni wọ́n máa yọ ọ́ o. Ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ wò ó."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àpótí ẹ ló wá ṣe pàtàkì ju ìyàwó tá a fẹ́ẹ́ gbé lọ?"

Kí n má parọ́ fún yín, mo wà níbẹ̀, mi ò sì sọ nǹkan kan. Èmi gan-an ni mo di ọ̀kadà náà mú kó má baà ṣubú. Bọ̀ọ̀dá wa ki irin bọ abẹ́ ìdérí, ó fi gbogbo ara lé e, a kàn gbọ́ "kàà!" ni. Ìdérí ya láti ibi kọ́kọ́rọ́ títí dé àárín. A kó fìlà, a dé e, a wọlé, àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀, onílù lù ú, inú gbogbo wa dùn.

Wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn ni mo jáde wá dáhùn fóònù. Ibi tá a fi ọmọ náà sí náà ló wà. Ẹrù ẹlòmíì márùn-ún ṣì wà nínú àpótí náà, ìdérí ò dé mọ́, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú. Ó ti wá okùn títí, kò rí. Iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ti ní kó ya fọ́tò àpótí náà ránṣẹ́, wọ́n sì ti sọ iye tó máa san fún un: N38,000, wọ́n á máa yọ ọ́ lára owó ẹ̀ títí tó fi máa tán. Mo bu ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún un. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti jẹ ẹran méjì nínú ilé kí n tó jáde, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi lẹ́nu mọ́. Mo bá a wá okùn lọ́wọ́ àwọn tó gbé àga wá, a jọ de àpótí náà, mo sì gba nọ́ńbà ẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tẹ̀ lé e lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì ọkọ̀. Ẹnì kan ló júwe bàbá àgbàlagbà kan fún un ládùúgbò ibẹ̀, tó ń tún irú àpótí yìí ṣe. Mo ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ pé kọ́kọ́rọ́ ti bàjẹ́. Bàbá gbé ìdérí tó ti ya náà lé itan, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára ẹ̀ bó ṣe wà. Ó ki ọmọ kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó fi ìka méjì yí i. Ó yí wẹ́rẹ́! Ó tún yí i padà. Ó yí wẹ́rẹ́.

"Kọ́kọ́rọ́ yìí ò ní àrùn kankan," bàbá wí. Ó gbóòórùn ìka ẹ̀. "Ta ló wá da òróró ọbẹ̀ sí i?"

Mi ò dáhùn. Bàbá mú àpótí mìíì, ó ki tìmùtìmù kan sínú ẹ̀ tó ga ju ẹnu àpótí lọ, ó fi orúnkún tẹ ìdérí títí ó fi pa dé, ó tì í, ó sì na ọmọ kọ́kọ́rọ́ sí mi pé kí n ṣí i. Mo yí i, kò yí. Mo fi agbára sí i, bàbá ní kí n rọra kí n má baà kán an síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ìgúnpá ẹ̀ lé orí ìdérí, ó fara tì í díẹ̀, ó ní kí n tún un yí. Ó yí bí ẹni pé wọ́n fi bọ́tà sí i.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀. Lẹ́yìn ojú kọ́kọ́rọ́ yẹn, ahọ́n irin kan ló wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kọ́kọ́rọ́, ahọ́n yìí á yí lọ sábẹ́ etí àpótí, òun ló ń di ìdérí mú. Tí ẹrù bá kún ju ẹnu àpótí lọ, ẹrù náà á máa ti ìdérí sókè, ìdérí á máa fa ahọ́n sókè, ahọ́n á sì há mọ́ abẹ́ etí àpótí gbagidi. Bẹ́ ẹ ṣe ń yí ọmọ kọ́kọ́rọ́ nígbà náà, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ lẹ̀ ń bá jà, gbogbo ẹrù inú ẹ̀ lẹ̀ ń bá jà. Tẹ́ ẹ bá wá ki irin bọ abẹ́ ìdérí tẹ́ ẹ ń gbé e sókè, ẹ tún wá ń ran ẹrù lọ́wọ́ láti há a ni. Sísàlẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ tì í, àwa ń tì í sókè!

Fìlà aṣọ òkè 13, nínú páálí méjì, lórí ẹrù márùn-ún tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo pe àǹtí wa lórí fóònù níbẹ̀ yẹn, mo bi í pé báwo ló ṣe rí ìdérí náà pa. Ó ní, "Ó kọ́kọ́ fẹ́ẹ́ ṣagídí, mo bá jókòó lé e." Àǹtí wa yìí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ka ìwé ìròyìn tọ̀sẹ̀ yìí, kì í ṣe ènìyàn kékeré. Òun jókòó lé e kó tó pa, àwa wá rò pé ìka méjì lásán ló máa ṣí i. Ọmọ náà rí i nígbà tó jókòó lé e. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa l'Ágége. Ó ní, "Bọ̀dá, ta ló máa gbọ́ tèmi láàárín gbogbo àgbààgbà yẹn?"

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe nìyẹn kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tàbí ìgúnpá tẹ ìdérí mọ́lẹ̀ lókè ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà gan-an, kẹ́ ẹ wá yí i. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò gbọ́, ẹ tì í síwájú díẹ̀, ẹ tì í sẹ́yìn díẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí i lọ. Kódà àwọn àpótí olówó ńlá tó ń tòkè òkun wá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, irú Givi, èyí tí Giuseppe Visenzi, ọmọ Ítálì kan tó ti fi alùpùpù sáré ìje rí, dá sílẹ̀ lọ́dún 1978. Bọ́tìnì lẹ ó tẹ̀ lára tiwọn, ìkọ́ á fi ìdérí sílẹ̀. Tí ẹrù bá ń ti ìdérí sókè, bọ́tìnì ọ̀hún náà á le bí òkúta.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ̀bi ẹrù ni gbogbo ìgbà o. Kọ́kọ́rọ́ máa ń há lóòótọ́, pàápàá l'Ékòó níbí. Inú kọ́kọ́rọ́ yẹn, àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké ló tò síbẹ̀, sípíríìngì tín-ín-rín ló ń tì wọ́n. Ọ̀kadà ò ní ilé, inú òjò ló wà, ẹrọ̀fọ̀ táyà ẹ̀yìn ń ta sí i, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn òkun tó níyọ̀ nínú ń fẹ́ bá àwọn tó ń ná Lẹ́kí àti Àjàh. Omi iyọ̀ kì í fi irin sílẹ̀. Sípíríìngì á dógùn-ún, àwọn irin pẹlẹbẹ náà á lẹ̀ mọ́ra. Tí ọyẹ́ bá wá dé, eruku á tún ṣe tiẹ̀. Ẹni tó bá ti da òróró tàbí gírísì sójú kọ́kọ́rọ́ ṣáájú ìgbà yẹn, ó ti pò ó di amọ̀ nìyẹn. Bàbá ní ìdajì iṣẹ́ tó ń wá bá òun, òróró ló bí i: òróró ẹ̀pà, epo pupa, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú. Lọ́jọ́ tí wọ́n dà á sí i, á yí. Lóṣù kejì, ó di gbagidi.

Ohun tó yẹ lẹ máa fọ̀ ọ́. WD-40, agolo aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò yẹn, dáa fún un. Ẹ fi páìpù ẹnu ẹ̀ fín díẹ̀ sínú ojú kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ibi sùúrù yìí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń kùnà, wọ́n á fín in tán, wọ́n á sì máa yí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ki ọmọ kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ẹ fà á jáde, ẹ nù ún, ẹ tún kì í, bí ìgbà ogún, kẹ́ ẹ má tíì yí i rárá. Ẹ ó rí ìdọ̀tí dúdú tó máa jáde. Ẹ fi ìdí sukudiráífà kan ara ẹ̀ jẹ́jẹ́, kó lè gbọ̀n. Ìgbà náà lẹ ó wá yí i. Ẹni tí kò bá rí WD-40, kẹrosíìnì á bá a fọ ìdọ̀tí náà, ṣùgbọ́n kó má sí sìgá nítòsí, ẹ rántí pé táńkì epo ò jìnnà. Tó bá sì jẹ́ oúnjẹ tàbí oògùn ló wà nínú àpótí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ, òórùn kẹrosíìnì kì í kúrò lára búrẹ́dì.

Tó bá ti yí, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá mú pẹ́ńsù, 2B ló dáa jù torí ó rọ̀, kẹ́ ẹ fi kùn ara ọmọ kọ́kọ́rọ́ dúdú, kẹ́ ẹ máa kì í bọ̀ ọ́. Èédú inú pẹ́ńsù yìí máa ń yọ̀ bí epo, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni, eruku ò ní rí nǹkan lẹ̀ mọ́. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin gidi ṣe OND àti HND, tí mi ò ní yẹ pẹ́ńsù lápò, mi ò mọ̀ ọ́n rí.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á yí tán, ìdérí ò sì ní gbéra. Rọ́bà etí ẹ̀ ló ti gba oòrùn, tó lẹ̀ mọ́ àpótí. Ẹ fi káàdì ike pẹlẹbẹ rìn ín yíká, á bọ́. Ẹ fi pọ́dà pa rọ́bà náà lẹ́yìn ìyẹn. Àpótí oníke tún máa ń wú tó bá dúró nínú oòrùn ọ̀sán. Tẹ́ ẹ bá gbé irú ẹ̀ sí ìbòòji díẹ̀, ó lè yọ yín nínú wàhálà.

Tí ọmọ kọ́kọ́rọ́ bá kán síbẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ki òmíì lé e, ẹ ó kàn tì í wọnú ni. Abẹ àyùn irin tó tín-ín-rín, tó ní eyín, ni kẹ́ ẹ kì í bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi eyín náà kọ́ ọ, kẹ́ ẹ fà á. Àwọn tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́bàá ọ̀nà mọ̀ ọ́n ṣe. Tó bá sì wá di dandan ká já nǹkan kan, kí ló dé tó fi jẹ́ ìdérí la máa já? Tó bá jẹ́ àgádágodo ló wà lára ẹ̀, ẹ gé àgádágodo, owó díẹ̀ ni òmíì. Tó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ inú ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi dírílì lu ojú ẹ̀, tàbí kí wọ́n lu àwọn rífẹ́ẹ̀tì tó di ìnjìsì mú lẹ́yìn, kí ìdérí ṣí láti ẹ̀yìn. Bàbá fi rífẹ́ẹ̀tì mẹ́rin hàn mí ní àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Kò sí èyí tó tó èékánná mi.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà tó ń gbé èrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí wọ́n sì tún fi mẹ́rin kún un nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn tó ń gbé ẹrù lòfin fàyè gbà. Ọmọ tí mò ń sọ yìí, èrò ló ń gbé tẹ́lẹ̀, ẹrù ló kù tó lè gbé. Ọ̀kadà kì í ṣe tiẹ̀, àpótí kì í ṣe tiẹ̀, ọmọ kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un, kò sì sẹ́ni tó fọ kọ́kọ́rọ́ náà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ṣe é, òun ló ni ín. Mo pe ọ̀gá ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, mo ní àwa la fọ́ ọ, kì í ṣe ọmọ yìí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán pátápátá, ó wá ní, "Ọ̀gá mi, ọwọ́ ẹni tí nǹkan wà la ti ń bi í." Ó sì fóònù sílẹ̀.

Mo ká wa mọ́lé ní ìpàdé ẹbí. Ẹnì kan ní owó tá a san fún dísípáàṣì ti tó. Mo ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tó jókòó lé ìdérí, kí wọ́n dárúkọ ẹni tó da òróró sí i, kí wọ́n dárúkọ ẹni tó mú irin, kí wọ́n sì dárúkọ èmi tí mo di ọ̀kadà mú. Ilé pa rọ́rọ́. A pín N38,000 náà. Èmi san N15,000, ọkọ ìyàwó san N10,000, àǹtí wa san N8,000, ó sì ń sọ ọ́ títí di òní pé páálí lòun jókòó lé, òun ò jókòó lé àpótí ẹnikẹ́ni.

Ọmọ náà gbé lẹ́tà kan wá sí ọ́fíìsì wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò ó. Kó tó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ti gbé ìgúnpá lé ìdérí. Ó ti gé rọ́bà túùbù táyà kan, ó fi bo ojú kọ́kọ́rọ́ kí òjò má baà máa wọ̀ ọ́.

N5,000 ló kù lọ́rùn bọ̀ọ̀dá wa ará Ìkòròdú. Mo pè é ní Sọ́ńdè, ó ní kí n má ṣèyọnu, òun á mú un wá síbi ìkómọ.